Ilẹ̀ tí Òkété Kò Ro

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà. Òkè odò ló lọ, ó bá Òkété níbi tó ti ń kọ ebè.

Oko Òkété yìí ló ń mú kí omi odò náà gbẹ lọ́dọọdún. Gbogbo ẹranko bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún igbó, àwọn tó ń mu omi yóò máa gbé iṣu wá fún un nígbà ìkórè. Òkété gbà. Wọ́n ṣe é fọ́dún mẹ́ta. Lọ́dún kẹrin, Erin, tó ń mu ju gbogbo wọn lọ, ní, "Iṣu kí ni? Ṣé ẹni tó káwọ́ gbera ni n ó máa bọ́?" Ni àwọn yòókù náà bá dáwọ́ dúró.

Ebi mú Òkété. Ó gbé ọkọ́, ó ní òun yóò ro igbó náà kanlẹ̀. Erin sáré tẹ̀lé e láti dá a dúró. Bí wọ́n ti wọ inú igbó náà, Òkété dúró lójijì. Láàárín ebè rẹ̀ àtijọ́, omi ń yọ lábẹ́ gbòǹgbò igi, ó mọ́ gaara, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dárin:

Ibi tí mo ti ń kọ ebè,
*Omi ń sun!*
Ibi tí mo fi sílẹ̀,
*Omi ń sun!*

Erin kò rí ibi tí omi ti ń wá rí láyé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń gbè é.

Òkété ní, "Bàbá Erin, ẹ ní mi ò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí mi ò ṣe nìyí."

Kí oòrùn tó wọ̀, Erin ti fi orí ara rẹ̀ ru iṣu dé ẹnu ihò Òkété. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sílẹ̀ sí. Omi ṣì ń sun.