Ọ̀gá Ewéko

Baálé ilé tún da ajílẹ̀ olómi sínú àpótí gíláàsì tó gbin ewéko sí, tó sì ń sin ẹja sí. Èérí aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá ti bo gbogbo rẹ̀, ẹja gan-an ò hàn mọ́.

"Dádì, ẹ dín in kù," ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó yínmú sí i. "Kí lo mọ̀? Mo rìnrìn àjò, o pè mí pé ewéko mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Látìgbà tí mo ti dé, ewé kan ò rọ!"

Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó fa ọ̀kan tu kó lè fi gbòǹgbò rẹ̀ yangàn.

Kò ní gbòǹgbò. Ike ni.

"Tiyín ti kú kí ẹ tó dé, mo fi ike rọ́pò wọn," ìyàwó wí, ó ń ká aṣọ lọ. "Èérí yẹn nìkan lẹ ń bọ́. Mo ṣebí ọ̀gá ewéko á fura lọ́jọ́ kejì."