Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Ọkọ̀

Bí ìjì ṣe bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú aláìláwakọ̀ tó ń gbé Akínfẹ́nwá lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀ ní Ṣakí balẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn pa.

“Òjò ń bọ̀, sà. Òfin ò gbà kí n gbéra,” ni ọkọ̀ náà wí.

“Àna mi ní bí mo bá pẹ́, òun ò fọmọ fún mi mọ́!”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé kí n fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán yín lọ bá wọn?”

Kò sọ́gbọ́n mìíràn. Ni àwòrán rẹ̀ bá yọ láàárín àwọn àna.

“Dọ̀bálẹ̀!” ni bàbá ìyàwó wí.

Akínfẹ́nwá há ara rẹ̀ sáàárín àga méjì, orí nílẹ̀, ìdí lókè. Ìdí ọ̀hún nìkan ni wọ́n rí.

“Ta ló ni ìdí yìí?” ni bàbá ìyàwó bèèrè. Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá, òun náà ni,” ó ní. “Mo dá a mọ̀.”