Wọ́n Ti Mú Un

Kí oníbàárà kankan tó dé ni onígbàjámọ̀ ti gbé ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àga tó ń yí. Ọmọ náà ti yege nínú ìdánwò tí wọ́n fi bírò kọ. Ó ku èyí tí wọ́n máa fi ẹnu sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn ni iléèwé girama ìjọba yẹn ń ṣí i fún. Àìmọye ọmọ ló ń du àyè níbẹ̀, ìwọ̀nba ni wọ́n sì ń mú. Ẹni tí wọ́n bá mú, ó ti di èèyàn nìyẹn.

Fọ́tò pélébé kan wà lẹ́nu dígí. Onígbàjámọ̀ á gẹ̀ díẹ̀, á wo fọ́tò, á tún gẹ̀. Nígbà tó parí orí, ó mú abẹ tuntun, ó sì fi í kọjá fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ imú ọmọ náà. Ìyá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha dáì irun kúrò ní èékánná ọmọ.

“Kí lorúkọ ẹ?” ni onígbàjámọ̀ bi í.

Ọmọ náà sọ ọ́.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?”

“Mọ́kàn... mọ́kànlá.”

“Ṣé ọjà lò ń ná ni? Má máa rò ó kó o tó sọ ọ́. Kó o sì jẹ́ kí ohùn ẹ tín-ín-rín, ó ti wúwo jù.”

Ẹ̀wù funfun náà fún un lápá, ṣòkòtò sì ga ju kókósẹ̀ lọ. Ìyá fà á sísàlẹ̀, kò gbọ́. Ọmọ kì í dúró de aṣọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ náà yíjú padà. “Dádì, tí wọ́n bá mú mi ńkọ́?”

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín. “Wọ́n á mú ẹ. Ta ni kí wọ́n mú tí wọn ò bá mú ìwọ?”

Ọmọ náà wò ó díẹ̀, ó sì lọ.

Wọn kì í jẹ́ kí òbí wọ ọgbà iléèwé náà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ́gbà ibẹ̀, tó máa ń wá gẹrun nísọ̀ yìí, ló ṣèlérí pé òun á pè. Nítorí náà, onígbàjámọ̀ ṣílẹ̀kùn ìsọ̀, ó gbé fóònù síwájú dígí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kejì wà nínú yàrá lẹ́yìn kọ́tìnì. Ìyá ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yọjú. Bó bá wúkọ́, ìyá á gbá ògiri.

Télọ̀ tó wà nísọ̀ kejì ló jókòó sórí àga nígbà tí oòrùn mú.

“Ojú ẹ ò kúrò lára fóònù lónìí o,” ni télọ̀ wí. “Má gé mi létí.”

“Ṣebí méjì lo ní.”

“Tí wọ́n bá mú ọmọ yìí, ọ̀fẹ́ ni tèmi.”

“Gbogbo ẹni tó bá wà níjòókòó ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba onígbàjámọ̀. Ọmọ méjì ló bí. Ó ti sọ fún ọ̀kan pé ẹni tó ń gẹrun jẹun kò lè rán ọmọ méjì níwèé. Ìyẹn ti gbà, ó ti dákẹ́. Bí ti ẹnì kejì bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ojú tó máa fi wo ìyá wọn.

Fóònù dún. Aṣọ́gbà ni, ariwo sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọ̀gá, wọ́n ti mú un o. Wọ́n ti mú ọmọ yín...”

Fóònù já.

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àwọn tó ń dúró pàtẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí wọ́n má sọ ohun tí wọ́n rí fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó gbé kílípà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ irun ọ̀fẹ́.

Kọ́tìnì mì. “Mọ́mì, ṣé mo ti lè jáde?”

“Jáde, ọkọ mi.” Ìyá dì mọ́ ọn, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí. Télọ̀ wo ọmọ náà, ó sì wo fọ́tò tó wà lẹ́nu dígí.

Fóònù tún dún, onígbàjámọ̀ sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ìsọ̀ lè gbọ́.

“Ọ̀gá, fóònù ló já mọ́ mi lẹ́nu,” ni aṣọ́gbà wí, “àwọn ọlọ́pàá ló mú ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì ní kẹ́ ẹ tètè mú àbúrò tó ni fọ́tò yẹn gan-an wá.”