Orúkọ Tí Ìyàwó Wa Kò Pè

Láràárọ̀, nọ́ọ̀sì á dé fìlà oògùn àrùn ìgbàgbé lé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lórí. Fìlà á bi í pé, "Ta ló wà níwájú yín?" Bó bá dárúkọ mi, oògùn á wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Orúkọ ìwé ìjọba nìkan ni fìlà náà mọ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí mi kó tó wọlé ọkọ.

"Eyínfúnjowó ni," ló ń wí. Iná pupa á tàn.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Túbọ̀sún."

"Kí n dárúkọ ọkọ mi? Mi ò tíì gbàgbé ara mi tó bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ keje tí iná pupa ń tàn, wọ́n ní oògùn kò lè wọlé mọ́, wọ́n gba fìlà náà lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo gbé ẹ̀kọ wọlé fún un. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Túbọ̀sún," ló wí.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbàgbé mi.