Iná Tí Ralitsa Ṣe fún Ìyá Adití

Bí iṣẹ́ yìí bá kùnà, Ralitsa ò ní gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́dún yìí.

Yunifásítì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ohun tó máa ran ará abúlé lọ́wọ́.

Ó ṣe iná tó ń tàn bí agogo ilẹ̀kùn bá dún, fún Ìyá Stoyna tí gbogbo abúlé mọ̀ sí adití.

Olùkọ́ rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà. Ralitsa tẹ agogo.

Kíá, ìyá ti ṣílẹ̀kùn.

"O yege," ni olùkọ́ wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ralitsa wọlé lọ kó irinṣẹ́.

Áà, kò tíì ki wáyà iná náà bọ ihò iná mànàmáná lára ògiri rárá!

Ó yíjú sí ìyá.

"Rọra, ọmọ mi," ni ìyá sọ kẹ́lẹ́. "Ìyàwó ọmọ mi ń sun ata lágbàlá. Àtìgbà tó ti gbà pé mo dití ni kò ti bá mi jà mọ́."