Ilé Tí Orrin Gbé Ka Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Lọ Síbi Ìgbéyàwó

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìrìn-àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ dìde, kí ẹ lọ wo abẹ́ ọkọ̀ yín.

1.

Orrin Tveit lorúkọ ọkùnrin kan, àgbẹ̀ koríko màálù ní Montana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti kékeré ló ti ń fi píkọ́ọ̀pù kó koríko gbígbẹ, tí ẹ bá sì bi í, kò sí ẹrù tí òun ò mọ̀ ọ́n gbé. Nígbà tí Marit, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Lavonne ìyàwó rẹ̀ bí, fẹ́ ṣègbéyàwó létí adágún tó wà lẹ́yìn òkè, Orrin ra ilé ẹ̀yìn ọkọ̀ kan. Ilé ni lóòótọ́ o! Ó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì àti táǹkì omi, odindi ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbé ka ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ máa fà mí lé ọkọ lọ́wọ́ o," Marit sọ lórí fóònù. "Láìsí yín, kò sí ìgbéyàwó."

"Kí oúnjẹ tó jinná ni màá ti dé!" Inú Orrin ń dùn ṣìnkìn.

Clete, aládùúgbò wọn, wá bá a gbé ilé náà ka ọkọ̀. Bí ilé ṣe jókòó báyìí, ìdí ọkọ̀ rì wọlẹ̀. Clete bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́, ó mi orí.

"Orrin, ẹrù yìí ju ọkọ̀ rẹ lọ. Gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n tí àwọn onítírélà ń lò, ká mọ̀ bó ṣe wúwo tó."

"Ẹni tó tà á fún mi ti sọ bó ṣe wúwo tó."

"Òfìfo nìyẹn! Ṣé òfìfo lo máa gbé lọ ni? Omi ńkọ́? Gáàsì ńkọ́? Lavonne ńkọ́?"

"Clete, mo gbọ́ o!" Lavonne pariwo láti ilé ìdáná. "Ta lo ń pè lẹ́rù?"

2.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Orrin ṣe? Ó lọ ra sípíríǹgì tó nípọn, ó fi sábẹ́ ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ dìde sókè, ó dúró ṣánṣán. Orrin wá ń yan kiri àgbàlá.

"Clete, wá wò ó! Ó ṣì wúwo?"

Ibí gan-an ni ọ̀gbẹ́ni wa ti kọsẹ̀, ẹ̀yin ará. Sípíríǹgì gbé ìdí ọkọ̀ sókè ni, kò fi nǹkan kan kún agbára táyà, kò fi kún ti bíréèkì. Ẹrù ò dín rárá. Ojú wa nìkan ni ò rí i mọ́.

Kò tán síbẹ̀ o. Ó rọ omi kún táǹkì dẹ́nu, bẹ́ẹ̀ adágún ló ń lọ! Ó di ẹran màálù tútù sínú àpótí yìnyín, ó tì í sínú ilé, lọ́wọ́ ẹ̀yìn pátápátá. Ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń de irú ilé yìí mọ́ egungun ọkọ̀, ìyẹn irin gbọọrọ abẹ́ rẹ̀, wà nínú páálí, kò tú u. Okùn tó fi ń di koríko ló fà yọ, ó so ó mọ́ etí ọkọ̀ lásán.

"Koríko kọ́ nìyí," Clete bẹ̀ ẹ́. "Ó ga fíofío. Atẹ́gùn á máa tì í."

"Ọ̀rẹ́, lọ múra ìgbéyàwó."

3.

Ọjọ́ ayọ̀ pé. Kéèkì alájà tí Lavonne fi èso igbó orí òkè ṣe wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Orrin àti Lavonne ń kọrin lọ. Wọ́n gun òkè tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Orrin tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò fẹ́ gbọ́. Òórùn jíjóná gba imú wọn. Atẹ́gùn fẹ́, ilé fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì.

"Orrin, rọra!"

"Mò ń rọra!"

Gbàù! Táyà ẹ̀yìn bẹ́. Okùn já, ilé yọ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣubú gbìì sínú pápá. Ọkọ̀ fi irin wọ́lẹ̀ títí ó fi dúró.

"Lavonne! Ṣé o wà?"

"Mo wà. Kéèkì mi ńkọ́?"

Ilé ti fọ́ yángáyángá, omi ń ya jáde, màálù inú pápá sì ti dé ìdí kéèkì, wọ́n ń lá a tẹnutẹnu. Lavonne rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Orrin ò lè rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sínú koríko, ó bú sẹ́kún.

"Mo ti ba ọjọ́ ọmọ mi jẹ́."

Lavonne pe Marit lórí fóònù, Marit sì ní gbogbo àwọn ń bọ̀ wá bá wọn níbẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíì: àlejò, olórin, pásítọ̀, Clete pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ. Marit sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tòun ti aṣọ ìgbéyàwó funfun, ó wọ bàtà òjò, ó sáré di mọ́ bàbá rẹ̀.

Inú pápá yẹn ni Orrin ti fà á lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, màálù ń wòran. Wọ́n jó, wọ́n yó. Nígbà tí wọ́n ní kí bàbá ìyàwó sọ̀rọ̀, Orrin kọjú sí ọkọ Marit.

"Ọmọ mi, tí Clete bá ní kí o lọ wọn ẹrù, lọ wọ̀n ọ́n."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Marit nìkan ni ò rín. Ó wo òkè tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Dádì, ká ní níbi ọ̀gbun òkè yẹn ni táyà ti bẹ́, òkú yín méjèèjì là bá máa gbé báyìí."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Orrin.

Ẹ̀yin tèmi, mo bẹ̀ yín. Ẹ di ẹrù sínú ilé náà bí ẹ ṣe máa gbé e lọ, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn tí ẹ jọ ń lọ, kí ẹ tó gun òṣùwọ̀n. Iye ìwúwo tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ má kọjá a, bó ti wù kí sípíríǹgì yín nípọn tó. Ẹrù tó wúwo, iwájú ni kó wà. Ẹ fi ìkọ́ irin de ilé náà mọ́ egungun ọkọ̀, ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ òkè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ayọ̀ ń dúró dè yín níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ dé ibẹ̀ láàyè.