Ìka Tí Mo Fi Pa Mọ́ fún Rọ́bọ́ọ̀tì

Oṣù mẹ́ta ni rọ́bọ́ọ̀tì yìí ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi nílé iṣẹ́ abọ́ tánganran. Ó ti mọ bí a ṣe ń fojú ṣa èyí tó sán. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ọ́n tán ni èmi á gbalé lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti máa ń fìka kan abọ́ kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ìyá mi ṣe ń ṣe sí ìkòkò tó ń tà.

Lónìí, ọ̀gá wa dúró tì wá.

“Ìyá Fadékẹ́, ṣé ó ti mọ gbogbo ẹ̀?”

“Ó kù díẹ̀, sà.”

Abọ́ ọmọdé kan dé. Rọ́bọ́ọ̀tì wò ó, ó ní ó dáa. Ara mi ò gbà á. Bí wọ́n bá bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i, á là mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Mo fìka kàn án lójú wọn, ohùn rẹ̀ ò dán. Ó ti sán nínú. Mo jù ú nù.

Rọ́bọ́ọ̀tì na ìka, ó kan èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì tẹ́tí.